Ààlà tí Mo Fi Èédú Fà

Ọjọ́ kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ mi ní ìlú òyìnbó, mo kúnlẹ̀ kí ọkùnrin kan tí ó ń po tíì. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ó sì jọ ẹni tí ó ju bàbá mi lọ, orúnkún mi kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ tábìlì. Ó rò pé nǹkan mi ló já bọ́. "Kí lò ń wá?" ni ó bi mí. Mo ní yẹtí mi ni. A jọ wá yẹtí tí ó wà létí mi fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí n tó sọ pé mo ti rí i.

Kọ́lìn ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú àwọn sáfà ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n kó sínú yàrá tútù kan, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó síwájú wọn. Èmi ni wọ́n gbà pé kí n máa tọ́jú dátábéèsì tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Orúkọ àwọn aláìsàn ló wà nínú dátábéèsì náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí oníkálùkù máa rí dókítà ní àwọn ilé ìwòsàn ojú mélòó kan. Bí ìyá arúgbó kan bá dé síbẹ̀ láago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ wa ni pé kí ẹni tó wà nídìí káńtà lè rí orúkọ rẹ̀. Sárà ni ọ̀gá èmi àti Kọ́lìn. Mo ju Sárà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ńṣe ni mo máa ń jókòó dáadáa bí ọmọ iléèwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ó fún mi láyè láti máa gbé ìlú náà, orúkọ ilé iṣẹ́ wa ló wà lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán ẹni tuntun wò níbẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí wọn kò fẹ́ mi mọ́, ìwé náà ò wúlò mọ́ nìyẹn, èmi náà á di ẹrù mi, màá padà sílé. Kò sí ọjọ́ tí mi ò ka oṣù náà. Mo máa ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń kà á bí mo bá ń fọ abọ́.

Bàbá mi ò mọ̀ pé mò ń kà á. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ń gbé, oko kòkó wọn wà lọ́nà Ìsẹ̀. Ìyá mi ti lọ sí Àkúrẹ́ nígbà náà, ó ń bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́mọ, nítorí náà bàbá mi nìkan ló wà nílé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa lẹ́yìn ìsìn, torí pé ibẹ̀ ni nẹ́tíwọọ̀kì ti dára, wọ́n á sì pè mí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí.

"Uṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ọ́n ti gbà ọ́ tán?"

Ní oṣù kejì, ìbéèrè náà sú mi dáhùn. Mo ní wọ́n ti gbà mí tán. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ru iṣu mẹ́wàá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ dúpẹ́. Akọ̀wé ìjọ fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: bàbá mi nínú agbádá tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé iṣu tó tóbi jù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo wo àwòrán náà, mo gbé fóònù dojú bolẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ ní ogún ọdún. Oṣù mẹ́rin péré ló kù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù fóònù bàbá mi. Mo máa ń dá ọ̀rọ̀ náà sí kúkurú. Bí wọ́n bá ní ohùn mi ò já gaara, màá ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì dúpẹ́ pé fóònù pálapàla tí bàbá mi ń lò kì í fi ojú ẹni han ẹni.

Ẹni tí ó bá rò pé òtútù ló le jù ní ìlú òyìnbó kò tíì rí ibi tí wọn kì í ti í kí ara wọn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo ẹni tó wà ní ibùdókọ̀. Obìnrin kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí, ọkùnrin kan sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ní ilé wa, o ò tíì wọlé tán tí wọ́n á ti bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Níbẹ̀, mo lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì kí n má bá ẹ̀dá alààyè sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà mìíràn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá ka àmì ara ọjà sókè nínú ṣọ́ọ̀bù kí ohùn mi má baà gbàgbé mi. Iṣu tí mo rí rà, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi ọ̀rá dì í. Mo sè é, ó dùn díẹ̀, mo sì sunkún lé e lórí láìsí ìdí kan pàtó.

Mi ò ní purọ́ o, ayọ̀ kéékèèké wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan pè wá lórí fóònù tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ láì ní kí n tún un sọ, mo fò sókè nínú yàrá ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ tí mo yanjú ọ̀rọ̀ kan tí Kọ́lìn fúnra rẹ̀ ti tì síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó gbé bisikíìtì kan sórí tábìlì mi láìsọ̀rọ̀. Mo tọ́jú bisikíìtì náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kì í pẹ́. Ẹni tí wọ́n ń dán wò kì í fẹ̀yìn ti àga.

Ní oṣù karùn-ún, dátábéèsì bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ń ráhùn pé bí àwọn bá tẹ orúkọ aláìsàn, àwọn lè mu omi tán kí ó tó jáde. Kọ́lìn wà ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Sárà ní kí n fẹ àyè dátábéèsì náà lójú sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Nínú mẹ́mọ̀rì sáfà, ìyẹn ibi tí ó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, apá kan wà tí gbogbo iṣẹ́ dátábéèsì jọ ń lò. Bí ènìyàn ogún bá ń wá orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, orí àyè kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣe é. Bí àyè yìí bá kéré, iṣẹ́ á falẹ̀. Ṣùgbọ́n sáfà ní òdiwọ̀n tirẹ̀: ibi báyìí ni àyè àjùmọ̀lò tí mo lè yọ̀ǹda mọ, ẹni tó bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè dìde rárá. Nítorí náà nǹkan méjì ni mo ní láti ṣe. Èkíní ni kí n sọ fún dátábéèsì pé kó béèrè àyè tó pọ̀ sí i, ìyẹn wà nínú fáìlì tèmi. Èkejì ni kí n sọ fún sáfà pé kó gbé òdiwọ̀n rẹ̀ sókè.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ṣe èkejì yìí. O lè pa àṣẹ fún sáfà lójú ẹsẹ̀, yóò sì gbà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún un tàn, ó ti gbàgbé. Tàbí kí o kọ ọ́ sínú fáìlì òfin sáfà, èyí tí ó máa ń kà ní gbogbo ìgbà tí ó bá jí. Mo ṣí fáìlì òfin náà. Lókè rẹ̀ pátápátá, Kọ́lìn ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà láì bi òun. Mo pa fáìlì náà dé. Àṣẹ ojú ẹsẹ̀ ni mo pa. Dátábéèsì dìde, ó ń yára bí àṣá, Sárà sì yìn mí.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe yìí. Lẹ́yìn ilé wa, pèpéle sìmẹ́ǹtì kan wà tí ojúlé márùn-ún jọ ń sá kòkó sí. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi pín in, àgbà ilé nìkan ló sì lè mú ọ̀dà náà lọ́wọ́. Bí kòkó ojúlé kan bá pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá, àwa ọmọdé lè fi èédú fa ààlà tuntun fúngbà díẹ̀ kí kòkó má baà dúró lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà a óò lọ sọ fún àgbà, àgbà á wá wò ó, bí ó bá tọ́ lójú rẹ̀, yóò fi ọ̀dà kùn ún. Òjò kan ṣoṣo tó láti fọ èédú dànù, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan ọ̀dà, kí ó yáa sá lọ sí Ẹmùré.

Nítorí náà, nígbà tí Kọ́lìn dé láti ìsinmi, mo lọ bá a. Mo kí i, mo bi í léèrè ìyàwó rẹ̀, mo bi í léèrè ajá rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Mo tún nǹkan díẹ̀ ṣe lórí sáfà nígbà tí ẹ ò sí ńlé. Bí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi fojú kan fáìlì òfin yẹn."

"O ṣeun," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Màá wò ó."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo gbà pé ó ti di odindi nínú Kọ́lìn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde láti lọ rán an létí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kàn lọ bu omi mu tí mo padà. Ta ni èmi, tí n óò máa rán àgbàlagbà létí bí ẹni rán ọmọ níṣẹ́? Àti pé, kí n sọ òtítọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Oṣù kẹfà ti wọlé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yẹ iṣẹ́ mi wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí àwọn ilé ìwòsàn tó ṣílẹ̀kùn, Kọ́lìn fi àtúnṣe tuntun sórí sáfà, ó pa á, ó tún un tàn. Mò ń bọ́ kóòtù mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ó ń kùn. Gbogbo nǹkan ló ti jí àfi dátábéèsì. Mo rìn lọ sẹ́yìn àga rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sójú ìwòran ni pé kò sí àyè mọ́.

Láti ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjò ti fọ èédú mi.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ilé ìwòsàn kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Sárà jáde láti yàrá rẹ̀. "Dísìkì ti kún," ni Kọ́lìn sọ fún un. "Ó ní kò sí àyè. Màá pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́." Ó ti yan àwọn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá, èyí tí a tọ́jú nítorí ọjọ́ burúkú. Bí ó bá pa wọ́n rẹ́, a ò lè rí wọn padà mọ́. Èmi sì mọ̀ pé kì í ṣe dísìkì, ibi tí sáfà ń kó fáìlì pamọ́ sí. Bí ẹ̀rọ náà bá ní kò sí àyè, ó lè jẹ́ àyè àjùmọ̀lò inú mẹ́mọ̀rì ló ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ya ẹnu ṣàlàyé, gbólóhùn kan náà ló máa ń lò fún méjèèjì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ká já àgbà nírọ́ lójú ọ̀gá, ká sì tún jẹ́wọ́ lórí ìdúró kan náà, ẹnu mi ò gbà á.

Ìka Kọ́lìn ń lọ sórí bọ́tìnnì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

N kò di ọwọ́ àgbàlagbà mú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òun náà wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. "Ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "dísìkì kọ́. Ẹ wò ó." Mo fi hàn án pé ìdajì dísìkì ṣófo. Mo ní òdiwọ̀n mẹ́mọ̀rì àjùmọ̀lò ló ti padà sísàlẹ̀. Ó dìde fún mi lórí àga rẹ̀.

Sáfà kì í ka òdiwọ̀n yìí bí a ṣe ń ka nǹkan mìíràn. Ojú-ewé ló fi ń kà á, báìtì ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí a fi ń wọn àyè, sì ló wà nínú ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fa àpòòwé kan yọ, mo ń pín iye àyè tí a fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Mo tẹ iye tí mo rí, mo ní kí dátábéèsì dìde, ó kọ̀. Mo ti fo òdo kan. "Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?" ni Sárà bi mí láti ẹ̀yìn. Mo tún un pín, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ̀ ẹ́. Dátábéèsì dìde. Aago mẹ́sàn-án ti lọ dáadáa, àwọn arúgbó sì ti jókòó káàkiri ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú tó ń ro wọ́n, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kàn.

Àwọn ará ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Sárà fọwọ́ kan èjìká mi, ohun tí kò ṣe rí. Kọ́lìn lọ po tíì wá fún mi, mo sì mu ún bí ẹni ń mu àgbo. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo ti ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Kọ ìjábọ̀ fún mi," ni Sárà wí. "Ohun tó fà á, àti bí o ṣe tún un ṣe. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi kí a tó ṣèpàdé rẹ ní ọjọ́rú." Ìpàdé oṣù mẹ́fà mi ló ń sọ.

"Ohun tó fà á ò ṣòro," ni Kọ́lìn wí. "Àtúnṣe tí mo fi sí i ló pa òdiwọ̀n náà rẹ́, mi ò sì dán an wò kí n tó tún sáfà tàn. Orúkọ mi ni kí ó kọ síbẹ̀."

Ojú tí Sárà fi wo Kọ́lìn kò dára. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ti gba ìwé ìkìlọ̀ kan lọ́dún náà. Kò ju oṣù mẹ́wàá lọ tí yóò fẹ̀yìn tì. Ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé òun ló jẹ̀bi, kò sì sí ẹlòmíì tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí àṣẹ ojú ẹsẹ̀ tí mo pa kò sí nínú fáìlì kankan. Bí mo bá dákẹ́, èmi á dúró sí ìlú náà pẹ̀lú àtẹ́wọ́ lórí mi. Mo jókòó ti ìjábọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú láago mẹ́rin, bó ṣe máa ń ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù. Mi ò kọ ju ọjọ́ àti déètì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pe bàbá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù púpọ̀ tí èmi pè wọ́n fúnra mi. Wọ́n ní kí n dúró kí àwọn gun àpáta. Mo ń gbọ́ èémí wọn.

"Bàbá, bí ọmọdé bá fi èédú fa ààlà sórí pèpéle, tí àgbà ò wá kùn ún kí òjò tó rọ̀, ta ló jẹ̀bi?"

"Ulé ta ni?"

"Ibi iṣẹ́ mi ni."

"Ọ́n ń sá kòkó níbẹ̀?"

Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe lè ṣe é, pé àyè kan wà tí a jọ ń lò, pé àgbà kan ló ni òdiwọ̀n rẹ̀, pé ó ti ní òun fẹ́ gba ẹ̀bi náà.

"Kí lo sọ fún àgbà náà?"

"Mo ní bí wọ́n bá ráyè, kí wọ́n bá mi wò ó."

"O ò sọ pé èédú ni?"

"Mi ò sọ."

"O ò sọ pé òjò ń bọ̀?"

"Mi ò sọ, Bàbá."

Atẹ́gùn orí àpáta ń fẹ́ sínú fóònù. "Nígbà tí o wà ní kékeré," ni wọ́n wí, "bí o bá fa èédú rẹ, ṣé ẹnu lásán lo fi ń sọ fún mi? Ọwọ́ mi lo máa ń fà. Bí mo bá tilẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, o ò ní gbà, àfi kí n dìde kí n wá wò ó. Mo fi ojú mi rí i ni mo ṣe kùn ún. Kí ni òyìnbó yẹn rí?"

"Kò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Utìjú lo ṣe un, o wá ń pè é ní ọ̀wọ̀."

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bínú sí ẹ̀kọ́ ilé wa nínú ọkàn mi, pé òun ló kó bá mi, àṣé ìdajì rẹ̀ ni mo gbé rìnrìn àjò. Ìdajì tó rọrùn, èyí tí mo fi ń kúnlẹ̀, tí mo fi ń dákẹ́, ni mo mú dání. Èyí tí wọ́n fi ń fa àgbà lọ́wọ́, ìyẹn ṣòro láàárín àlejò. Ìyẹn gba pé kí o gbà pé ọwọ́ náà á bá ọ wá.

"Ọmọ mi," ni bàbá mi wí, "ara rẹ le?"

"Ara mi le, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Nẹ́tíwọọ̀kì ni ẹ̀ ń gbọ́."

Wọ́n ní ó dáa. A dágbére.

Mo padà sọ́dọ̀ Kọ́lìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo fa àga, mo jókòó, mo sọ ọ́ ní odindi: ohun tí mo ṣe nígbà tí kò sí ńlé, ohun tí mi ò kọ sílẹ̀, ohun tí mo mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo fi í sínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Mo rántí ọjọ́ tí o wá bá mi," ni ó wí. "Mo rò pé o fẹ́ kí n rí iṣẹ́ rẹ kí n yìn ọ́ ni. Mo sì gbàgbé láti yìn ọ́."

"Mi ò sọ ọ́ yé yín."

"Bí o bá kọ èyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la?"

"Mi ò mọ̀."

Kò ní kí n má kọ ọ́. Ó ṣí fáìlì òfin sáfà, ó sún bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n kọ òdiwọ̀n náà síbẹ̀ kí òun máa wò mí. Mo kọ ọ́. A pa sáfà kékeré tí a fi ń dán nǹkan wò, a tún un tàn, òdiwọ̀n náà ò yẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ kọ ìjábọ̀ mi, kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ní ọjọ́rú, Sárà ka ìjábọ̀ náà lójú mi, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"O mọ ohun tó fà á kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí dún."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O sì jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní òun ti múra láti sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé mo yege. Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òun ò sì fẹ́ kí n lọ, nítorí ẹni tó lè kọ irú ìjábọ̀ yìí, ó ṣeé kọ́ láti máa tètè sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kún ìdánwò mi. Kò sí orúkọ Kọ́lìn nínú ohun tí Sárà fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lókè. Ìwé mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sì tíì dúró.

Mo jáde lọ síwájú ilé iṣẹ́ pẹ̀lú kóòtù mi lọ́wọ́. Ó ku irọ́ kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé ilé kí n tó pe bàbá mi, mi ò ní pè wọ́n mọ́. Mo dúró nínú òtútù, mo tẹ nọ́ńbà wọn. Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gun àpáta.

"Bàbá, mo parọ́ fún yín. Wọn ò tíì gbà mí níbí. Wọn ò gbà mí rí. Ẹnu ìdánwò ni mo ṣì wà, òní ló yẹ kó parí, wọ́n sì tún ti fi oṣù mẹ́ta kún un. Iṣu tí ẹ gbé lọ dúpẹ́, orí irọ́ ni ẹ ti dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo rò pé fóònù ti já.

"Bàbá?"

"Ùyẹn nìkan ni?"

"Òun nìkan ni."

"Kì í ṣe àìsàn?"

"Àìsàn kẹ̀? Rárá, Bàbá. Ara mi le."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, èémí gígùn bí ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ní láti oṣù kejì ni ohùn mi ti yí padà. Wọ́n ní àwọn ti gbà nínú ọkàn àwọn pé àìsàn kan ń ṣe mí nílẹ̀ òkèèrè tí mò ń fi pa mọ́, wọn ò sì sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́rú láti ìgbà náà ni àwọn ti ń gbààwẹ̀ fún mi, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn kì í fẹnu kan omi.

"Èyí tí mò ń gbà lónìí ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé kí n lọ jẹun?"

Mo ní kí wọ́n lọ jẹun.